Ilé Tuntun ní England: Ẹ Má Tíì Gba Kọ́kọ́rọ́

Nílé lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ń kọ́lé máa ń dúró ti bírìkìlà rẹ̀. Á máa yọjú láàárọ̀, á máa yọjú nírọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà gbé sìmẹ́ńtì rẹ̀ lọ ibòmíì. Ní England níbí, ilé tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé, ó lè má ju ìpìlẹ̀ lọ lọ́jọ́ tí ẹ máa kọ́kọ́ sanwó. Ilé àfihàn ni wọ́n máa mú yín wọ̀: kápẹ́ẹ̀tì funfun, òórùn dídùn, bẹ́ẹ̀dì kékeré tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé síbẹ̀ kí yàrá lè fẹ̀ lójú yín. Tiyín ṣì wà nínú ẹrẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀.

Títí dìgbà tí lọ́yà yín máa fi san owó tó kù, ẹ ní ẹnu ọ̀rọ̀. Tó bá ti san án tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí owó kékeré tí wọ́n fi ń di ilé mú. Kí ẹ tó san án, ẹ bèèrè bóyá ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé náà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ New Homes Quality Board, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìlànà fún àwọn tó ń kọ́ ilé tuntun tà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, ẹ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, wọ́n á sì dá gbogbo owó náà padà. Wọ́n á ní àwọn ní lọ́yà kan tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, tó máa tètè parí ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ lọ wá tiyín.

Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín wo ọ̀rọ̀ títì. Ọ̀pọ̀ wa ń rò pé tí ilé bá ti jẹ́ freehold, ìyẹn tí ẹ ni ilé àti ilẹ̀ rẹ̀, ó parí. Bẹ́ẹ̀ títì iwájú ilé, iná òpópónà àti pápá ìṣeré ọmọdé lè má sí lọ́wọ́ káńsù rárá. Ẹ ó san council tax, ẹ ó tún máa sanwó lọ́dọọdún fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń gé koríko. Tó bá jẹ́ fúláàtì leasehold, ìyẹn èyí tí ẹ ní fún iye ọdún kan lórí ilẹ̀ ẹlòmíì, láti 30 Júùnù 2022 ni òfin ti fòpin sí owó ilẹ̀ ọdọọdún lórí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ìwé leasehold tuntun, àmọ́ service charge, ìyẹn owó ìtọ́jú ilé, ṣì wà, ó sì lè gbówó lórí. Bí wọ́n bá fi kápẹ́ẹ̀tì tàbí owó stamp duty, ìyẹn owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, ta yín lọ́rẹ, ó gbọ́dọ̀ dé etígbọ̀ọ́ báǹkì tó ń yá yín lówó.

Kí lọ́yà tún wo long stop date, ìyẹn ọjọ́ tó jẹ́ pé bí ilé kò bá tíì parí nígbà náà, ẹ lè jáde kí ẹ sì gba owó yín. Ìlérí owó yíyá láti báǹkì sábà máa ń tó oṣù 6 péré, kọ́lékọ́lé sì máa ń pẹ́. Nítorí náà, ẹ má tíì yan aṣọ ẹbí ìṣílé o.

Ohun tí mi ò lè gbójú fò ni snagging, ìyẹn kí ẹ sanwó fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kó wá yẹ ilé wò finnífinní kí ẹ tó gbà á. Ọkùnrin tí mo pè gbé àpò kékeré kan wá: tọ́ọ̀ṣì, dígí, àti ọ̀pá tí bírìkìlà fi ń wò ó bóyá nǹkan tẹ́jú. Ó fi dígí wo orí ilẹ̀kùn, wọn ò kùn ún. Ó fi owó ẹyọ lu táìlì ilé ìwẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta dún bí agolo òfìfo. Ó gun òkè àjà lọ, ó sì pè mí. Òwú tó yẹ kí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kí ooru má baà sá lọ wà ní igun kan, nínú ọ̀rá rẹ̀, wọn ò tíì tú u. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ta ilé fún mi ti ní àwọn ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

Wáráǹtì ọdún 10 tí NHBC, LABC Warranty tàbí Premier Guarantee ń fúnni dára, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń ṣì í lóye. Ọdún 2 àkọ́kọ́ ni kọ́lékọ́lé fi ń tún àwọn àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Látìgbà náà títí di ọdún kẹwàá, àwọn àléébù ńlá ara ilé bí ìpìlẹ̀ àti òrùlé ló kù, ẹ̀rọ omi tó ń jò kò sí níbẹ̀. Kí ọdún kejì tó pé, ẹ tún rìn yíká ilé pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa, ẹ kọ ọ́. Ìlà tín-ín-rín lára ògiri kò ní kí ẹ máa bẹ̀rù, ilé tuntun ń gbẹ ni. Ẹ máa ṣí fèrèsé, ẹ má sì kánjú kun ọ̀dà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá bá ìjà pàdé, ẹ fi ímeèlì kọ ẹ̀sùn yín, kí ẹ fi fọ́tò sí i. Tí ọjọ́ 56 bá kọjá tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, tí ilé-iṣẹ́ náà sì ti forúkọ sílẹ̀, New Homes Ombudsman, tó ń parí ìjà láàárín kọ́lékọ́lé àti ẹni tó ra ilé, máa gbọ́ ẹjọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́. Site manager, ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ìkọ́lé, á fẹ́ máa pè yín lórí fóònù, á máa sọ̀rọ̀ dídùn. Ẹ gbé e, ẹ kí i dáadáa. Tó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ kọ ohun tó sọ ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú déètì.