Bẹ́ ẹ ṣe máa mú kí 3Dmol.js ka fáìlì tí kò mọ̀ ọ́n kà

Ẹni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe kẹ́mísírì mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ẹ ti ṣírò mólékù yín tán, ẹ wá gbé fáìlì ẹ̀ sínú sọ́fítíwíà tó ń yà á sójú kẹ́ ẹ rí i, ló bá ní òun ò mọ irú fáìlì yìí rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn yí i padà sí XYZ, irú fáìlì tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà mọ̀ ọ́n kà, kò burú, àmọ́ tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ lẹ ń ṣe é, ẹ kúkú kọ́ sọ́fítíwíà náà bó ṣe máa kà á, ṣebí ìta gbangba ni kóòdù ẹ̀ wà.

3Dmol.js ni màá lò, inú bùráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, University of Pittsburgh ni wọ́n ti ṣe é. Fáìlì tá a fẹ́ kó kà ni coord (ó ń sọ ibi tí átọ́mù kọ̀ọ̀kan wà) ti TURBOMOLE, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń ṣírò mólékù, tó wá láti Karlsruhe ní Jámánì.

Kóòdù kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn o. Ẹ ṣí fáìlì yẹn bí ọ̀rọ̀ lásán, kẹ́ ẹ wò ó. Omi nìyí:

$coord
 0.000  0.000  0.222  o
 0.000  1.431 -0.887  h
 0.000 -1.431 -0.887  h
$end

XYZ máa ń kọ orúkọ átọ́mù kó tó kọ nọ́ńbà, èyí gbé e sẹ́yìn, lẹ́tà kékeré ló tún fi kọ ọ́. Ìyẹn ṣì rọrùn. Èyí tó máa ń dá èèyàn láàmú ni pé bohr ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn, kì í ṣe angstrom (ìwọ̀n gígùn ni méjèèjì), kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú fáìlì, àfi kẹ́ ẹ ti kà á nínú mánúálì. Bohr kan jẹ́ angstrom 0.529177. Oxygen sí hydrogen jẹ́ 1.81 níbí, tẹ́ ẹ bá yí i padà ó di 0.96, òun la mọ̀ mọ omi. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé ńkọ́? Kò ní sọ pé error o, ẹ kàn máa rí átọ́mù tó fọ́n káàkiri láìsí ìdè (bond) kankan, torí 3Dmol.js fúnra ẹ̀ ló ń wo bí átọ́mù ṣe súnmọ́ra kó tó fa ìdè sáàárín wọn, 1.81 sì ti jìnnà jù lójú ẹ̀.

Ó yá, kóòdù kàn. Ẹ fork ẹ̀ lórí GitHub (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ṣe ẹ̀dà tiyín níbẹ̀), ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣe npm install kó lè kó àwọn nǹkan tí kóòdù náà nílò wọlé, kẹ́ ẹ wá wọ src/parsers, fóldà tí kóòdù tó ń ka fáìlì wà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, ẹ ṣe ẹ̀dà XYZ.ts, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní COORD.ts. Iṣẹ́ function inú ẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ó gba gbogbo ọ̀rọ̀ inú fáìlì, ó gé e ní láìnì-láìnì, ó dá átọ́mù padà, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú elem, x, y, z, àti bonds tó ṣì ṣófo. Kó fo gbogbo láìnì títí tó fi máa kan $coord, kó máa kà lọ, kó dúró gbàrà tó bá rí $ mìíràn. Mo ní $ mìíràn o, mi ò ní $end, torí $user-defined bonds ló sábà máa ń tẹ̀lé e nínú fáìlì gidi. Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí (tokens ni àwọn ọ̀rọ̀ inú láìnì kan, 0 ni wọ́n ti ń kà á):

atom.x = parseFloat(tokens[0]) * 0.529177;

Bẹ́ẹ̀ náà ni y àti z. Orúkọ átọ́mù wà ní tokens[3], ẹ sọ lẹ́tà àkọ́kọ́ di ńlá kí cl di Cl, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní mọ̀ pé chlorine ni, pinki lásán lá kùn ún. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn láìnì ṣe orúkọ o, nítorí wọ́n lè fi f sẹ́yìn átọ́mù tí wọn ò fẹ́ kó kúrò lójú kan, ẹ ò ní mọ̀gbà tí gbogbo ẹ̀ máa di fluorine. xtb, sọ́fítíwíà míì tí wọ́n ṣe ní Bonn, náà ń lo fóómáàtì yìí, ó sì gbà kéèyàn kọ $coord angs, tẹ́ ẹ bá rí angs yẹn, ẹ má fi 0.529177 kàn án rárá.

Lẹ́yìn náà ẹ fi í sínú index.ts tó wà ní fóldà kan náà: import kan lókè, orúkọ kan nínú Parsers, orúkọ yẹn làwọn èèyàn máa fi pè é nínú addModel, ìyẹn function tó ń gbé mólékù wọlé. Ẹ ṣe npm run build kó lè fi kóòdù tuntun yìí kọ́ sọ́fítíwíà náà.

Ẹ fi omi dán an wò, ẹ fi nǹkan tó ní chlorine, ẹ fi fáìlì tó gé láàárín. Èyí tó dá mi lójú jù ni kẹ́ ẹ fi Open Babel, sọ́fítíwíà tó ń yí irú fáìlì kan padà sí òmíràn, yí fáìlì kan náà sí XYZ (tmol ni wọ́n ń pe coord níbẹ̀), kẹ́ ẹ gbé méjèèjì sójú kan náà, tí ìkan bá bo ìkejì pátápátá, ó ti bọ́ sí i nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi pull request ránṣẹ́ (ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gba kóòdù yín wọlé), ẹ fi fáìlì kékeré kan tì í fún test, tẹ́ ẹ ṣe fúnra yín, kì í ṣe iṣẹ́ ẹlòmíì tí ò tíì gbé e jáde. Kó jẹ́ fóómáàtì kan ṣoṣo. Tẹ́ ẹ bá tún lọ ń to kóòdù onílé mọ́ ọn, ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò máa gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni.