Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tá a bá ń fi nọ́ìsì kún mátíríìsì rẹpẹtẹ

Pé kóòdù ẹ ṣiṣẹ́ tí ò mú error wá ò ní kó o fọkàn balẹ̀ o, torí èyí tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ nọ́ìsì yìí (ìyẹn àwọn nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ tá à ń fi kún dátà), NumPy, irinṣẹ́ Python tá a fi ń ṣírò mátíríìsì, ò ní sọ nǹkan kan fún ẹ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyí: èèyàn á ní mátíríìsì 100, 3×3 ni ìkọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sínú array kan, ká pè é ní A, tí shape ẹ̀ (bó ṣe gùn tó lórí axis kọ̀ọ̀kan) jẹ́ (100, 3, 3), á wá lọ pe rng.normal, tó ń pèsè nọ́ìsì, pẹ̀lú size=(3, 3). Broadcasting, ìyẹn bí NumPy ṣe ń na array kékeré kó lè bá ńlá mu, á mú nọ́ìsì kan ṣoṣo yẹn, á pín in fún gbogbo wọn, tó o bá wá ń ṣe average kí nọ́ìsì lè dín kù, kò ní dín kù rárá, torí nọ́ìsì kan náà ló wà lára gbogbo wọn. size=A.shape ni kó o kọ.

Má sì ki default_rng(42), tó ń dá rng sílẹ̀ láti ibi kan pàtó (seed 42), bọnú loop, gbogbo ìgbà tí loop bá yí ló máa padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ìta ni kó wà. Tí A bá wá jẹ́ mátíríìsì kan ṣoṣo, [A]*10 náà kì í ṣe mátíríìsì mẹ́wàá, A kan náà ni, tó o bá fi += kan ọ̀kan, o ti kan gbogbo ẹ̀.

Tí A bá jẹ́ int (nọ́ńbà tí ò ní point), += á kọ̀ fún ẹ, ìyẹn dáa, àmọ́ A[:] = A + N (N ni nọ́ìsì) á gbà, á wá gé ohun tó wà lẹ́yìn point dànù: 5.3 á di 5, 4.7 á di 4. Tètè sọ ọ́ di float (nọ́ńbà tó ní point) jàre.

Nǹkan kejì tí rng.normal ń gbà, standard deviation ni, kì í ṣe variance, tó o bá fẹ́ variance 0.01, 0.1 lo máa kọ, torí 0.1 × 0.1 ni 0.01.

Àwọn tó ń lo mátíríìsì symmetric (tí row ẹ̀ àti column ẹ̀ bára mu), nọ́ìsì lásán á ba symmetry yẹn jẹ́, ìyẹn lẹ ṣe máa ń ṣe (N + N.T)/2, .T ló ń sọ row di column. Àmọ́ lórí array oní-axis mẹ́ta, gbogbo axis ni .T ń yí! Tó bá jẹ́ (100, 3, 3), error á jáde, tó bá ṣèèṣì jẹ́ (3, 3, 3), á kọjá wẹ́rẹ́, èsì á sì ti daru. N.swapaxes(-1, -2) ni kó o lò, axis méjì tó kẹ́yìn nìkan ló ń yí. Tó bá sì jẹ́ covariance (mátíríìsì tó ń sọ bí àwọn nǹkan ṣe ń yí pa pọ̀), symmetry nìkan ò tó, nọ́ìsì tó bá pọ̀ lè sọ eigenvalue kan (ọ̀kan lára àwọn nọ́ńbà tó ń ṣàpèjúwe mátíríìsì) di negative, ibẹ̀ ni Cholesky, ọ̀nà pípín mátíríìsì tó ń fẹ́ kí gbogbo eigenvalue ju òdo lọ, á ti kọ̀ ẹ́ lọ́wọ́.