Ìdérí ìgò wàrà: àwọn àṣìṣe tó máa ń sọ ọ́ di ilé kòkòrò

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdérí tí wọn yóò máa gbà da wàrà láti inú ìgò sábà máa ń ronú sí ibì kan ṣoṣo: bí wàrà yóò ṣe jáde. Ó fẹ́ kó ṣàn geere, kó má ta sílẹ̀, kí ìdérí náà sì ṣeé yọ fún fífọ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n wàrà tó ti dé inú ife ti bọ́ lọ́wọ́ ìdérí. Èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ẹ̀kán tó kẹ́yìn, èyí tó kù lẹ́nu ìdérí nígbà tí a bá gbé ìgò dúró padà. Ibo ló gbà? Ṣé inú ìgò ló padà sí, àbí ó ṣàn lọ sí ọrùn ìgò, àbí ó ti wọ kọ̀rọ̀ kan tí kànrìnkàn kò lè dé? Bí ẹ bá lè tọ ẹ̀kán yẹn lọ títí dé òpin, ọ̀pọ̀ nínú àṣìṣe tó wà nísàlẹ̀ yìí yóò ti hàn sí yín kí ẹ tó náwó lórí móòdù, ohun tí wọ́n ń da ike sí kó lè mú ìrísí ìdérí.

Ẹ rántí irú ohun tí a ń dà. Ọ̀rá wà nínú wàrà, ṣúgà wà níbẹ̀, purotéènì wà níbẹ̀, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe kan sí, kò sì jìnnà sí 6.7, èyí tó bá ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí lára mu. Láàárín 4°C sí 60°C ni wọ́n ti ń gbèrú, àwọn mìíràn sì lè di ìlọ́po méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú bí ooru bá wọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ gbójú lé fíríìjì, ẹ rọra: àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi Pseudomonas àti Listeria ń dàgbà nínú òtútù. Díẹ̀díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró. Ilé iṣẹ́ wàrà lè ti gbé wàrà náà dé 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 kó tó wọ ìgò. Ohun tó bá gba ara ìdérí wọlé lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tí yóò sè é lẹ́ẹ̀kejì.

Wíwo ìgò ọṣẹ ṣe ti wàrà

Èyí ló máa ń bí mi nínú jù. Ìgò ọṣẹ ìfọṣọ olómi ní ìdérí ọlọ́gbọ́n kan: imú tí ọṣẹ ń gbà jáde dúró láàárín, kòtò yí i ká, ihò kékeré sì wà nísàlẹ̀ kòtò náà kí ohun tó bá kán sí ìta lè padà sínú ìgò. Fún ọṣẹ, ó dáa bẹ́ẹ̀, nítorí ọṣẹ kì í kan. Ẹ wá gbé e sórí ìgò wàrà, kí ẹ tọ ẹ̀kán wa lọ. Ó kọjá lórí ètè imú, ó ṣàn gba ìta tí ọwọ́ ti kàn, tí eruku ti bà lé, ó dúró nínú kòtò títí ó fi gbẹ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàrà ọjọ́ kejì wá ṣàn án wọ inú ìgò. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín la ọ̀nà tí ìdọ̀tí yóò máa gbà dé inú wàrà tó kù.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1889 ni Harvey Barnhart gba ìwé-àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ìgò wàrà kan tó ní èjìká kékeré nínú ẹnu, níbi tí páálí róbótó kan yóò jókòó sí. Páálí náà dí ìgò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ wàrà lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àléébù rẹ̀ ni pé ètè ìgò, ibi gan-an tí wàrà yóò gbà kọjá, wà ní ìhòòhò lókè páálí. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdérí tó ń bo ètè náà látòkè wálẹ̀. Ìdérí tó bá dí ihò nìkan kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀; gbogbo ibi tí wàrà yóò fara kàn nígbà tó bá ń jáde ló yẹ kó wà lábẹ́ ìbòrí.

Ètè tí wọ́n yí rọ́bọ́tọ́

Gbogbo wa la ti rí i bí tíì ṣe máa ń yí padà lábẹ́ imú kẹ́tùrù, tó ń ṣàn lọ sára kẹ́tùrù dípò kó lọ sínú ife. Markus Reiner kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1956, àwọn onímọ̀ físíìsì sì ti ń yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà. Ohun olómi tó bá ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ètè tó yí rọ́bọ́tọ́, á sì tẹ̀ lé e yípo bọ́ sísàlẹ̀. Bí ètè bá tín-ín-rín tó sì mú, ó máa já níbẹ̀. Ike tí omi kì í fẹ́ tẹ́ lé lórí náà ń ṣèrànwọ́. Bí a bá ń dà á kíákíá, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ìparí dídà, nígbà tí ìṣàn bá dín kù, ni àléébù náà máa ń yọjú, ìyẹn sì ni ìgbà tí ẹ̀kán tó kẹ́yìn ń yan ibi tí yóò gbà.

Kí ló dé tí àwọn èèyàn ṣì ń yí ètè náà rọ́bọ́tọ́? Wọ́n ti kà á níbì kan pé ìmọ́tótó kò fẹ́ igun. Òótọ́ ni, àmọ́ igun inú ni wọ́n ń sọ. Ìlànà 3-A tí wọ́n ń lò fún ẹ̀rọ wàrà ní Amẹ́ríkà ní kí igun inú tó ń kan wàrà yí, kí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn ìdajì fífẹ̀ ìyípo rẹ̀, jẹ́ 6.35 mm níbi tó bá ti ṣeé ṣe. EHEDG, ẹgbẹ́ tó ń kọ ìlànà ìmọ́tótó ẹ̀rọ oúnjẹ ní Yúróòpù, fẹ́ 6 mm, kò sì fẹ́ kó dín ní 3 mm. Ní ti dídán, Ra (ìwọ̀n bí ojú nǹkan ṣe rí págunpàgun tó) 0.8 máíkírómítà ni àwọn méjèèjì ń béèrè fún ara ohun tó bá kan oúnjẹ. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n kọ ìlànà wọ̀nyí fún, ìdérí kékeré sì lè máà ní àyè fún 6 mm, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́ kò yí padà: inú igun ni wàrà ń jókòó sí. Kì í jókòó sórí etí tó yọ síta. Torí náà, ẹ yí igun inú bí àyè bá ṣe gbà yín tó, kí ẹ sì jẹ́ kí etí tí wàrà ń gbà bọ́ sílẹ̀ mú. (Kí ó mú, mi ò ní kó gé ọmọdé lẹ́nu o.)

Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé móòdù pé kí ìlà tí apá méjèèjì móòdù ti pàdé má gba orí ètè yẹn kọjá. Ike tín-ín-rín tó máa ń yọ létí ìlà náà ti tó láti fa wàrà sẹ́yìn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta ọ̀dà kan fún yín tí wọ́n ń fọ́n sí ara ike kí omi má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ṣọ́ra fún un. Kànrìnkàn yóò máa họ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹni tó ń mu wàrà kò sì bẹ̀ yín níṣẹ́ ọ̀dà.

Ó ṣeé yọ lára ìgò, kò ṣeé yọ lára ara rẹ̀

Ìdérí kan lè bọ́ kúrò lórí ìgò wẹ́rẹ́, síbẹ̀ kó jẹ́ pé ẹ̀yà mẹ́ta mẹ́rin tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra ni òun fúnra rẹ̀: òrùka rọ́bà nínú kòtò tóóró, hínjì tí ọmọrí kékeré fi ń ṣí, bóyá sípíríìǹgì pẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀yà méjì bá ti pàdé ni wàrà ń wọ̀. Àlàfo tí ojú kò tilẹ̀ lè rí, wàrà yóò fà wọ inú rẹ̀ fúnra rẹ̀, kò sì ní jáde bó ṣe wọlé.

Mo le lórí èyí: bí ẹ̀yà kan bá ṣeé yọ, kí ọwọ́ lásán lè yọ ọ́, láìwá ọ̀bẹ tàbí ìṣó, bí kò bá ṣeé yọ, kó má ní àlàfo rárá. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, tó ń mì díẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò bọ́, ni ó burú jù. Òrùka rọ́bà ló sì máa ń jẹ̀bi jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fa ọ̀kan yọ rí lára ìdérí tó ti pẹ́, ẹ ti mọ àwọ̀ ohun tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó sàn kí ike kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, kí etí inú ìdérí wọ ẹnu ìgò pinpin, kó sì dí i láìsí rọ́bà. Ẹ má sì rò pé ìdérí tó ṣeé tú sí wẹ́wẹ́ ló mọ́ jù. Ẹ̀yà kan á sọnù. Èyí tó bá ṣeé fi sódì, wọn yóò fi í sódì. Èyí tó bá kéré, ọmọdé yóò gbé e sẹ́nu. Fún ohun ìṣeré àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ife róbótó kan tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 31.7 mm ni wọ́n fi ń dán ẹ̀yà wò. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán, wọ́n kà á sí ohun tó lè há ọmọ lọ́fun. Ìdérí wàrà kò sí lára ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n ẹ fi ife náà wọn tiyín.

Ìlà tí a fi ń lọ́ ìdérí mọ́ ìgò náà ń kó wàrà jọ. Kí ibi tí ìdérí ti dí ìgò wà nínú, kí ìlà ìlọ́ wà níta rẹ̀, kí wàrà má tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí ìlà náà má jìn, kó má pọ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì yí. Ọrùn 38 mm wọ́pọ̀ lára ìgò wàrà oníke, àmọ́ ọrùn 38 mm méjì lè ní ìlà ìlọ́ tí kò jọra. Ìdérí á wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ó bá a mu, á sì máa jò nígbà tí ìgò bá tẹ̀.

Ihò afẹ́fẹ́

Ẹni tó bá gbàgbé pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé kí wàrà tó lè jáde, ìgò rẹ̀ á máa ké gbùlù-gbùlù, á sì máa ta wàrà sórí tábìlì. Ẹni tó bá rántí, ihò abẹ́rẹ́ ló máa ń gún sí i. Wàrà á gbẹ sínú ihò náà, ihò á dí, kò sì sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè wọ̀ ọ́. Èmi kò fẹ́ ihò kankan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu ìdà fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wàrà yóò fi gba ìsàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ yóò gba òkè ẹnu kan náà. Bó bá di dandan pé kí ihò wà, kó wà ní òdìkejì ẹnu ìdà, kó sì gba búrọ́ọ̀ṣì já.

Ike tí kò yẹ, àwọ̀ tó ń purọ́

Ìdérí tí wọ́n ń fọ̀ yóò pàdé omi híhó lọ́jọ́ kan, ẹ báà kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Polypropylene, ike kan tó le, ń yọ́ ní nǹkan bí 160°C, kò sì bẹ̀rù omi híhó. LDPE, ike mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ, ń yọ́ ní nǹkan bí 110°C, á sì ti rọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ìdérí tó ti rọ̀ tó sì ti wọ́ díẹ̀ kò ní dí ìgò mọ́. PLA, ike tí ọ̀pọ̀ ń lò nínú ẹ̀rọ 3D tó ń tẹ nǹkan jáde, máa ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Ẹ̀rọ 3D dára láti fi mọ bí ìdérí ṣe rí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má mu wàrà tó gbà á kọjá, torí ìpele-ìpele ni ẹ̀rọ náà ń tò ó, kòtò tóóró sì wà láàárín ìpele kan sí èkejì. Ti polycarbonate, ike líle tó mọ́ gaara, kò gba àlàyé púpọ̀: nítorí BPA, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe é, Yúróòpù fòfin dè é fún ìgò ọmọ ọwọ́ ní 2011, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní 2012.

Funfun ni ọ̀pọ̀ ń yàn, nítorí ó jọ ohun tó mọ́. Wàrà tó gbẹ sórí ike funfun, ta ni yóò rí i? Ẹ lo búlúù. Kò sí oúnjẹ púpọ̀ tó ní àwọ̀ yẹn, ìdí sì nìyẹn tí ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì ìka àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oúnjẹ fi sábà máa ń jẹ́ búlúù.

Ibi tí ìka yóò bà

Bí ohun tí wọn yóò dì mú láti fa ìdérí yọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìdà, ìka yóò kan ẹnu ìdà nígbà gbogbo. Ẹ gbé ibi ìdìmú lọ sí ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀. Kí òkè ìdérí sì tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n lè dojú rẹ̀ délẹ̀ kí inú rẹ̀ máa wo òkè. Èyí tó bá rí ṣóńṣó lókè yóò ṣubú, apá tó ń wọ ìgò ni yóò sì fi nu tábìlì.

Fífi omi dán an wò

Omi kì í gbẹ di èépá, kì í rùn, kì í lẹ̀ mọ́ ike. Ìdérí tó bá yege pẹ̀lú omi kò tíì yege. Ẹ fi wàrà tó ní ọ̀rá dán an wò, ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú, kí ẹ wá fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ pé kó fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ ife. Ó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ da omi gbígbóná lé e lórí. Purotéènì wàrà á sì lẹ̀ mọ́ ike. Omi tútù ló yẹ kó ṣáájú, kí omi gbígbóná àti ọṣẹ tẹ̀ lé e. Èépá funfun líle tó ń kó jọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ohun tó ní ásíìdì bíi fínígà ló ń yọ ọ́. Bí fífọ̀ ìdérí yín bá gba ìwé àlàyé odindi ojú ewé kan, ìdérí náà ni kí ẹ tún ṣe, ẹ fi ìwé sílẹ̀.

Fún ibi tí ojú kò dé, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ oúnjẹ máa ń lo riboflavin, fítámì B2. Wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fọ́n ọn sí gbogbo ara ohun náà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á fọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tan iná UV 365 nm, ìtànṣán tí ojú kò lè rí, sí i nínú òkùnkùn. Ibi tí kò bá mọ́ yóò máa tàn bí àwọ̀ ewé tó pọ́n. Ẹ ṣe é fún ìdérí tuntun, kí ẹ tún ṣe é fún èyí tí wọ́n ti fọ̀ títí tí kànrìnkàn ti ha á lára, torí àwọn méjèèjì kì í sọ ohun kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ayùn là á sí méjì, kí ẹ tan iná náà sí ojú ibi tí ẹ là.