Bí ẹ ṣe lè mọ ẹni tó máa gbàjọba níbi tí wọ́n ti ń ṣe pálíámẹ́ńtì

Ẹ̀yin ará Èkìtì tẹ́ ẹ lọ́mọ lókè òkun, tí wọ́n bá ti dìbò lọ́hùn-ún báyìí ẹ ó máa bi ara yín ní Adó pé ta ló wọlé. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ o. Ẹ kọ́kọ́ gbé bí a ṣe ń dìbò gómìnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Níbí, ìbò gómìnà lọ́tọ̀, ti ilé ìgbìmọ̀ lọ́tọ̀, kódà kí gbogbo àwọn 26 tó wà nílé ìgbìmọ̀ wa jẹ́ ti ẹgbẹ́ míì, gómìnà á ṣì máa ṣèjọba ẹ̀. Ti pálíámẹ́ńtì ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin ló gbé olóòtú ìjọba dúró, àwọn náà ló lè ní kó máa lọ.

Torí náà ẹ mú bébà, ẹ kọ iye àga tó wà nílé aṣòfin sílẹ̀, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi ẹyọ kan kún un. Ti ìlú London jẹ́ 650, ẹni tó bá ní 326 ti débẹ̀ nìyẹn. Àga ni kẹ́ ẹ máa kà o, ẹ má ka ìbò, torí ní 2024 ẹgbẹ́ Labour tiwọn ò gbà ju nǹkan bí ìbò 34 nínú 100 lọ àmọ́ àga tí wọ́n rí ju 400 lọ, ẹni tó bá ti ṣíwájú ní ẹkùn ìdìbò kan ló ń gbé àga ibẹ̀, ipò kejì ò rí nǹkan kan mú. Jámánì ń fi ìbò pín àga ní tiwọn, àmọ́ ẹgbẹ́ tí ò bá tó 5 nínú 100 sábà máa ń jáde lófo ni.

Tẹ́nikẹ́ni ò bá wá débẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń dùn. Àwa náà ṣe é rí: ní 1959, àga 312 ló wà nílé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó, 157 lèèyàn nílò, ẹgbẹ́ NPC ní 134, ẹgbẹ́ NCNC àtàwọn NEPU ní 89, Action Group tiwa ní 73. NPC àti NCNC para pọ̀, Balewa ń bá ipò olóòtú ìjọba lọ, Awólọ́wọ̀ sì di olórí alátakò. Ẹ wá rí i pé ẹgbẹ́ kejì ló mọ ibi tíjọba máa wọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni Cameron, olórí ẹgbẹ́ Conservative ní London, ṣe dúnàádúrà pẹ̀lú Liberal Democrats, ẹgbẹ́ Clegg, fún ọjọ́ márùn-ún ní 2010. Lásìkò yẹn, ẹ máa wo irú ipò mínísítà tí ẹgbẹ́ kékeré ń béèrè àti àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ má sì ju bébà yẹn nù tí ìjọba bá ti dúró, torí kíkà yẹn ò parí. Ní 1962, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn, aṣòfin 66 fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn ò fẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, mọ́, Gómìnà Adérẹ̀mí fi lẹ́tà yẹn yọ ọ́, ó fi Adégbẹnró síbẹ̀, ni ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé, àga ń fò. Ilé ẹjọ́ l'Ékòó ní àfi kí wọ́n dìbò nínú ilé, àmọ́ nígbà tẹ́jọ́ dé Privy Council ní London, tó ga ju ilé ẹjọ́ wa lọ nígbà yẹn, wọ́n ní lẹ́tà náà tó. Èmi fara mọ́ ti Èkó, kí wọ́n dìbò níṣojú gbogbo èèyàn.

Ní 2024, ọgọ́ta aṣòfin l'Abuja gbé àbá wá pé ká padà sí pálíámẹ́ńtì. Tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́fà tó ń ṣojú Èkìtì níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi í: tí wọ́n bá fẹ́ yọ olóòtú ìjọba, ṣé lẹ́tà ni wọ́n máa lò àbí ìbò?