Bí a ṣe ń mu oògùn ìfọfun kí wọ́n tó fi kámẹ́rà wo ìfun ẹni

Lítà 4 ló máa ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù. Dókítà á kọ oògùn, wọ́n á rà á, wọ́n á bá ìyẹ̀fun díẹ̀ nínú ike ràgàjì kan, wọ́n á wá gbọ́ pé omi ni wọn yóò rọ sí i títí dé ojú àmì, kí wọ́n sì mu ún tán. Ó nira lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní yàrá colonoscopy, ìyẹn ibi tí a ti ń fi kámẹ́rà wo ìfun ńlá, tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kì í ṣe bí oògùn ṣe pọ̀ tó ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ fún wa. Ìdajì kejì, èyí tí a ní kí èèyàn dìde mu ní ìdájí, ni wọ́n ń fò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi máa pọ̀ sí jù. Ìyókù ò le.

Oògùn tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní PEG (polyethylene glycol), tí wọ́n po oríṣiríṣi iyọ̀ mọ́. Ara kì í fà á mu. Bó ṣe gba ẹnu wọlé náà ló ń gba ìdí jáde, tí á sì máa gbá gbogbo ohun tó bá bá lọ́nà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi sábà máa ń yàn án fún ẹni tí kíndìnrín tàbí ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dá ṣáká. Èyí tó jẹ́ lítà 2 náà wà, ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì sì wà. Bó bá jẹ́ ìyẹn ni wọ́n kọ fún yín, ìwé inú páálí rẹ̀ ni kí ẹ fi díwọ̀n, kí ẹ má sì fojú kéré omi tó ní kí ẹ mu lé e. Ọ̀rọ̀ ìdajì kejì kan gbogbo wọn.

Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà á, owó rẹ̀ ò sì kéré, nítorí náà àwọn kan á fẹ́ wá nǹkan rọ́pò rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó jẹ́ dókítà ló máa rọ́pò rẹ̀. Àgbo jẹ̀dí lè lé èèyàn lọ sílé ìyàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí inú ìfun sì tún dọ̀tí bó ṣe wà. Oògùn ìfọfun oníyọ̀ fọ́sífeètì, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ láti 2008 pé ó lè ba kíndìnrín jẹ́. Mánítọ́ọ̀lù, oríṣi ṣúgà kan tí àwọn mìíràn ń mu, kòkòrò inú ìfun lè sọ ọ́ di gáàsì. Bí dókítà bá wá fi iná mànàmáná gé nǹkan níbẹ̀, gáàsì yẹn lè gbiná. Ife, sítírọ́ọ̀ àti kúlà nìkan ni kí ẹ fi owó pọ́ọ́kú rọ́pò. Ẹ fi oògùn sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ da gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú láílọ́ọ̀nù kan, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà wò. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ ṣáá, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ tiwọn lọ́tọ̀. Kí wọ́n má ṣe dá a dúró fúnra wọn, kí wọ́n má sì ṣe máa lò ó lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú ni wọ́n sábà máa ń ní kí a dá dúró ní nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 ṣáájú, torí ó ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, ìgbẹ́ náà á sì lẹ̀ mọ́ ara ìfun. Bí ìgbẹ́ yín bá máa ń le tàbí tí kì í tètè wá, ẹ sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí oògùn tiyín yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn.

Oúnjẹ ńkọ́? Láti ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ti yẹra fún ohun tó ní kóró, èèpo àti okùn. Ẹ̀fọ́, ewédú, ilá, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àgbàdo, ẹ̀pà, gúábà: ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀, kóró ni. Àmọ́ èyí tí kò sẹ́ni tó ń fura sí ni ọbẹ̀ ata. Kóró ata àti ti tòmátì kì í dà nínú ìfun. A máa ń rí i lójú ẹ̀rọ, pẹlẹbẹ, funfun, ó lẹ̀ síbi tí a fẹ́ wò gan-an. Bí a bá ní ká fà á jáde, á lọ há sẹ́nu ihò tóóró tí kámẹ́rà fi ń fa omi, ni iṣẹ́ bá dúró. Ẹ se ìrẹsì funfun, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín tàbí adìẹ tí kò lata. Búrẹ́dì funfun àti ẹyin náà dára. Ẹni tí kò bá lè jẹun láìsí ọbẹ̀, kó fi asẹ́ ògì sẹ́ ata náà lẹ́yìn tó bá lọ̀ ọ́ tán, kó tó gbé e kaná.

Nígbà tó bá ku ọjọ́ kan, omi àti ohun mímu tó mọ́ kedere nìkan ló kù, àfi bí ilé ìwòsàn yín bá gbà kí ẹ jẹ díẹ̀ láàárọ̀. Òfin tèmi ni pé bí ẹ bá da nǹkan sínú ife tí ẹ ò rí ìdí ife, ẹ má mu ún. Ẹ̀kọ mímu ò sí níbẹ̀, mílíìkì ò sí níbẹ̀, Milo ò sí níbẹ̀. Tíì lásán, Sprite, omi ẹran tí a sẹ́ dáadáa, oje ápù tó mọ́lẹ̀ kedere, ìwọ̀nyẹn ò burú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ò ní í máa mu Sprite bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù náà. Àṣẹ dókítà ni kó tẹ̀ lé. Zóbò àti Ribena, rárá o. Àwọ̀ pupa á dúró sára ìfun, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á pè é.

Pípo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Omi mímu tó lọ́ wọ́rọ́wọ́ díẹ̀ ló ń tètè yọ́ ọ, kì í ṣe omi gbígbóná. Ẹ rọ ọ́ dé ojú àmì ara ike, ẹ dé e, ẹ mì ín títí kò fi sí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀. Àwọn kan ń fi píọ̀ wọ́tà ka lítà, wọ́n ní mẹ́jọ ni lítà 4. Bó ṣe wà lára láílọ́ọ̀nù nìyẹn, àmọ́ mi ò fọkàn tán an. Ojú àmì ni kí ẹ wò. Ẹ má fi ṣúgà tàbí nǹkan aládùn kankan sí i yàtọ̀ sí ohun tó bá a wá nínú páálí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sí fíríìjì, torí bó bá ti tutù ni iyọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu. Bí kò bá sí iná, ẹ ti ike náà bọ kúlà, kí yìnyín wà níta ike. Ẹ po gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, kó má baà di pé ẹ ń wá ohun ìdíwọ̀n lójú oorun.

Aago 6 ìrọ̀lẹ́ ni mo fẹ́ràn fún ìdajì àkọ́kọ́, ìyẹn lítà 2. Oògùn yòówù tí ẹ bá gbé mì ní wákàtí kan ṣáájú, oògùn yìí lè gbá a lọ kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ tètè lò ó. Ife kan tó tó mílílítà 240 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e mì. Ẹ fi sítírọ́ọ̀ fà á kó gba ẹ̀yìn ahọ́n kọjá, kí ẹ wá lá ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Inú lè wú, òtútù lè mú yín. Ẹ da aṣọ bora. Bí èébì bá ń gbé yín, ẹ sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ń bì ṣáá, tí ikùn le tó sì ń ro yín gan-an, tàbí tí ìgbẹ́ kọ̀ tí kò wá rárá, ẹ dá a dúró kí ẹ pe ilé ìwòsàn.

Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pọn omi kún díráọ̀mù. Omi ni kí ẹ máa fi ṣàn án, torí bébà á bó yín lára. Ẹ ti fi òrí pa ìdí kí ìgbẹ́ àkọ́kọ́ tó dé. Òrí ọjà dára ju gbogbo ìpara olówó ńlá tí mo ti rí lọ.

Ó di ìdajì kejì. Bó bá jẹ́ aago 10 àárọ̀ ni wọ́n dá fún yín, ẹ jí ní aago 5, kí ẹ mu lítà 2 tó kù, kí ó tán ní aago 7. Àlàfo tó dára ni wákàtí 4 sí 6 láàárín ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí mu ún àti ìgbà àyẹ̀wò, ó pẹ́ tán kí gbogbo mímu ti parí ní wákàtí 2 ṣáájú. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn ni kí ẹ gbọ́.

Ohun tí mò ń gbọ́ léraléra nìyí:

"Màmá, ṣé ẹ mu ti ìdájí?"

"Mo mu díẹ̀, ọmọ mi. Ṣebí omi lásán ló ti ń jáde látàná."

"Báwo ni àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí, mà?"

"Bíi tíì."

"Tíì lásán àbí tíì onímílíìkì?"

"Onímílíìkì."

Ó parí nìyẹn. Omi tó ń jáde kò túmọ̀ sí pé ìfun ti mọ́. Bí èèyàn bá sùn, ìfun kékeré rẹ̀ kò sùn. Òróǹro àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ á máa ṣàn bọ̀ ní gbogbo òru, ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá, ní apá ọ̀tún ikùn, ló sì ń balẹ̀ sí. Ìdajì àkọ́kọ́ ti fọ ibẹ̀ ní alẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ nǹkan rẹ́rẹ́ kan ti tún bò ó. Apá ọ̀tún yìí sì ni àwọn ẹran kéékèèké tó lè di jẹjẹrẹ lọ́jọ́ iwájú ti máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọn kì í yọrí sókè. Torí àtirí wọn, kí a sì gé wọn kúrò lójú ẹsẹ̀, ni a ṣe ń wọ inú ìfun lọ. Ẹni tó fo ìdajì kejì, apá òsì rẹ̀ á mọ́ tónítóní, apá ọ̀tún á ṣókùnkùn.

Dókítà máa ń fún ìfun ní máàkì. Ọ̀nà ìdíwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní Boston pín ìfun ńlá sí mẹ́ta, apá kọ̀ọ̀kan gba 0 dé 3, àpapọ̀ 9. Apá tí kò bá tó 2 kò mọ́ tó. Wọ́n lè ní kí ẹ padà wá, ẹ ó ra oògùn tuntun, ẹ ó tún fi ebi pa ara yín, ẹ ó sì tún san owó. Mo ti rí bàbá kan tó ti Òkèihò wá, tí wọ́n dá padà nítorí ife mẹ́rin tí kò mu.

Nítorí náà, ẹ ṣètò ìdájí yẹn dáadáa. Ẹ fi aago fóònù méjì jí ara yín. Ẹ yan ẹnì kan nínú ilé tí kò ní í ṣàánú yín, kó jókòó tì yín títí ife tó gbẹ̀yìn yóò fi tán. Ọmọ obìnrin àgbà ló máa ń ṣe iṣẹ́ yìí jù, àwọn ọkọ máa ń tètè gbà pé ó ti tó. Ẹ ra pó funfun, kódà bí tọ́ilẹ́ẹ̀tì yín bá ń fa omi. Pó aláwọ̀ kì í sọ òótọ́, bẹ́ẹ̀ ni ṣáláńgá ò ní í jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Èyí tó bá jáde kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ní àwọ̀ ìtọ̀, kí ẹ rí ìdí pó kedere, kí nǹkan kan má rọ̀ sísàlẹ̀. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ kí oògùn tó tán, ẹ ṣì mu ìyókù. Bó bá tán tó ṣì dúdú tàbí tó ṣú, ẹ pe wá kí ẹ tó kúrò nílé. Nǹkan ṣì wà tí a lè ṣe ní àárọ̀ yẹn. Tí ẹ bá dé, ẹ sọ iye tí ẹ mu gan-an. Kámẹ́rà á sọ ọ́ bí ẹ ò bá tiẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀rù pé ìgbẹ́ á yọ nínú ọkọ̀ ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sá fún un. Bí àlàfo wákàtí 2 sí 3 yẹn bá ti wà, ó sábà máa ń ti rọlẹ̀. Ẹ wọ páḿpásì àgbà, kí ẹ mú ìró àlòkù kan àti aṣọ míì dání. Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, kó wá sùn sílé ará tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, kó gbé ike oògùn rẹ̀ dání nínú kúlà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà bá ní kí ẹ lò láàárọ̀, omi ẹnu kan péré ni kí ẹ fi gbé e mì. Ẹ mú ẹni tó máa sìn yín padà sílé, torí bí wọ́n bá fún yín ní abẹ́rẹ́ oorun, ẹ ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà títí wákàtí 24. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè jẹun bí dókítà bá ti gbà. Bí ìgbẹ́ ò bá wá fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má lo oògùn kankan sí i. Kò tíì sí nǹkan nínú ìfun ni.