Ọmọ tó ń gba kímò (oògùn jẹjẹrẹ) gbóná: ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

1. Kí ẹ sáré fún un ní parasítámọ̀ kí ẹ tó wọn ìgbóná ara rẹ̀. Èyí ló ń bí àwa tó ń tọ́jú àwọn ọmọ yìí nínú jù. Oògùn yẹn á rọ ìgbóná lójú, kò ní pa kòkòrò. Tí ẹ bá máa fi dé ilé ìwòsàn, tẹmómítà á ka 37.2, wọ́n á ní kí ẹ lọ jókòó, kòkòrò á sì máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n ná: tẹmómítà oníbátìrì, abẹ́ abíyá tó gbẹ, kí apá pa dé e títí á fi dún. Bó bá ka 38.3 lẹ́ẹ̀kan péré, tàbí 38.0 tí kò wálẹ̀ fún wákàtí kan, pàjáwìrì ni. Ibuprofen àti aspirin, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá.

2. "Ibà lásán ni." Ta ló sọ fún yín? Láti nǹkan bí ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kímò, neutrophil, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì funfun tó máa ń kọ́kọ́ kojú kòkòrò, sábà máa ń wálẹ̀ jù. Bakitéríà bíi Klebsiella tàbí Pseudomonas lè gba inú ìfun ọmọ fúnra rẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, kó sì dá a dúbúlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Oògùn ibà láti kẹ́míìsì kò kan ọ̀rọ̀ yìí, Ampiclox ò sì ran Pseudomonas. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fà sí iṣan, bíi ceftazidime tàbí piperacillin-tazobactam, ló yẹ kó ti wọ ara rẹ̀ láàárín 60 ìṣẹ́jú tó bá dé ilé ìwòsàn. Bí àyẹ̀wò bá tilẹ̀ rí ibà, ìyẹn ò ní kí bakitéríà má sí níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, méjèèjì lè jọ wà lára ọmọ kan, méjèèjì la ó sì tọ́jú. Àgbo ńkọ́? Rárá o.

3. Kí ẹ máa wo WBC, ìyẹn iye gbogbo sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, nìkan. Àwọn òbí á rí 1.8 (ìyẹn 1,800), wọ́n á máa yọ̀. Bí neutrophil bá jẹ́ 20% nínú rẹ̀, 0.36 ló kù, ìyẹn 360. Bí kò bá ti tó 500, ewu wà.

Bó bá gbóná lóru, ẹ má dúró dìgbà tí ilẹ̀ máa mọ́.

Ẹ má wá ọyún kí ẹ tó gbà pé kòkòrò wà lára rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń di ọyún gan-an ni kò sí. Ẹ wo bóyá ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tí wọ́n fi sí iṣan rẹ̀ pọ́n, bóyá ọmọ ń sunkún tó bá ń yàgbẹ́. Ọmọ tó ń lo oògùn stẹ́róìdì bíi dexamethasone tàbí prednisolone lè má gbóná rárá. Bó bá ń gbọ̀n tàbí tó ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gbéra.

Ohunkóhun ò gbọdọ̀ wọ ìdí ọmọ: tẹmómítà, oògùn ìdí, omi tí wọ́n ń fín sí i. Awọ ibẹ̀ tètè ń ya.

Àwọn tó ń kán àjẹsára rọpárọsẹ̀ sẹ́nu láti ilé dé ilé: kí wọ́n má kán an fún un, kí wọ́n má sì kán an fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé, torí fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n ń gún. Àjẹsára èéyi kò yẹ ọmọ tó ń gba kímò, àmọ́ kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ gbà á.

Ẹnì kan ní chickenpox ní ilé ẹ̀kọ́? Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà, kó tó sú sí i lára.

Co-trimoxazole ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹ ń dá dúró torí ara ọmọ ti yá. Òun ni kì í jẹ́ kí kòkòrò tó ń jẹ́ Pneumocystis ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ẹ má tò sẹ́yìn àwọn tó ń wúkọ́. Ẹ sọ ọ́ sókè: "Ó ń gba kímò, ó sì gbóná." Ẹ na ìwé tí ẹ kọ ìgbóná ara, aago tí ẹ wọ̀n ọ́n àti ọjọ́ kímò tó gbẹ̀yìn sí fún wọn.