Àṣìṣe tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ní ọ́fíìsì Àbújá

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Central Area níbí. Bí àwọn ọmọ wa bá ti dé láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, owó ni wọ́n fi ń wá ohun tí ìkíni ì bá fún wọn. Ó ń dùn mí.

1. Hámpà ọdún. Ẹ ó yáwó ra hámpà fún ọ̀gá, ẹni tó ń gbé fáìlì yín kiri láti oṣù kìíní, ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀.

2. Bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá bá jókòó láàárín yín, ẹ pa Yorùbá tì. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, yóò rò pé òun ni ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

3. Ẹ yé pe ènìyàn ní "aboki". Ọ̀rẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hausa. Àwa ará gúúsù la sọ ọ́ di orúkọ ẹni tí a ò fẹ́ mọ̀. Ọdún méjì ni mo fi pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ó gbé agboòrùn wá pàdé mi, ó ní, "Madam, ya jikin yaro?" Ó ń béèrè ara ọmọ mi. Ó ti gbọ́ nígbà tí mò ń sọ ọ́ lórí fóònù pé ara ọmọ náà ò yá. Ojú tì mí gan-an. Ọjọ́ yẹn ni mo béèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ má sì ju "sannu", ìkíni Hausa, sílẹ̀ kí ẹ máa sáré lọ. Bí ẹ bá ti ní "ina kwana" (ẹ káàárọ̀), ẹ dúró gbọ́ "lafiya lau" (àlàáfíà ni), kí ẹ béèrè àárẹ̀: "ina gajiya?" Ẹ béèrè ará ilé: "ya iyali?" Ṣé àwa náà kì í ní "ṣé a jíire, àwọn ọmọ ńkọ́?" Kò gba ìṣẹ́jú kan. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, "sannu da zuwa" (ẹ káàbọ̀) ẹ̀ṣọ́ yẹn ló máa ń rọ̀ mí lọ́kàn nígbà náà kí n tó tan kọ̀ǹpútà.

Òmíràn: bí ẹni tó ń bọ̀ láti Mararaba bá pẹ́, ẹ kọ́kọ́ kí i kú ọ̀nà.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ yẹn lọ síbòmíràn, yàrá dé yàrá ló ti dágbére. Orúkọ kálukú ló fi pè wá. Àwa mẹ́ta péré la lè fi orúkọ tirẹ̀ dá a lóhùn.